Ṣé àgbéyẹ̀wò ìwádìí létòlétò wúlò fún oníṣẹ́ sọ́fítíwíà? Àwọn ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí láti Àgọ́-Ìwòyè dé Ṣágámù

Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ń gbé, kóòdù ni mo sì fi ń jẹun. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti bá èèyàn ṣe àgbéyẹ̀wò ìwádìí létòlétò. Èyí àkọ́kọ́ bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, n ó sọ bó ṣe jẹ́ nísàlẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn àbúrò ní Àgọ́-Ìwòyè, Ìjagun àti Ìlíṣàn ti ń bi mí ní ìbéèrè lórí WhatsApp, tí àwọn tó ní ilé iṣẹ́ kékeré tiwọn náà sì ń dá sí i. Ó ti rẹ̀ mí láti máa fi ohùn kan náà ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Mo kó gbogbo rẹ̀ síbí.

Ẹ̀gbọ́n, kí ni SLR tí súpáfáísọ̀ mi ní kí n ṣe yìí gan-an?

Orúkọ rẹ̀ ní kíkún lédè òyìnbó ni systematic literature review. Èmi ń pè é ní àgbéyẹ̀wò létòlétò. O ní ìbéèrè kan, o sì fẹ́ mọ ohun tí gbogbo ìwádìí tó ti wáyé lórí rẹ̀ sọ, kì í ṣe kìkì èyí tó wù ọ́ nínú wọn. Kí o tó ṣí ìwé kankan, wàá ti kọ ọ́ sílẹ̀: ìbéèrè náà, ibi tí wàá ti wá ìdáhùn, ọ̀rọ̀ tí wàá fi wá a, irú ìwé tí wàá gbà, irú èyí tí wàá tì sẹ́yìn àti ìdí tí o fi tì í. Ìwé ìlànà nìyẹn. Ìgbà náà lo ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá kiri, tí wàá ṣà, tí wàá wo bí ẹsẹ̀ ìwádìí kọ̀ọ̀kan ṣe dúró sí, kí o tó da èsì wọn pọ̀. Bí ẹlòmíràn bá gba ìwé ìlànà rẹ, ó yẹ kó lè tọ ipa rẹ dé ibi tí o dé.

Ajọ̀ ni ìwé ìlànà yẹn. Ẹni tó ń jọ gaàrí kì í fa ojú ajọ̀ ya nítorí pé ó fẹ́ kí ti ẹ̀gbọ́n òun kọjá.

Kí ló wá fi yàtọ̀ sí Orí Kejì pròjẹ́ẹ̀tì tí gbogbo wa ń kọ?

Ká má parọ́ fúnra wa, ìwé tó bá gbè wá lẹ́yìn la máa ń kó sínú Orí Kejì. Àwọn àgbà sì ti sọ orúkọ àgbọ́ẹjọ́ẹnìkandá.

Ta ló mú un wọ inú iṣẹ́ sọ́fítíwíà?

Ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn ló ti wá. Ní 1979, Archie Cochrane, dókítà kan ní Bìrìtéènì, bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wí pé wọn kò kó èsì ìwádìí tí wọ́n ti ṣe jọ síbi kan kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ní 1993 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹ bá ti rí àmì ẹgbẹ́ náà, àwọn ìlà kéékèèké kan wà láàárín rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró fún èsì ìdánwò kan. Ìtàn àwọn ìlà náà kì í kúrò lọ́kàn mi. Abẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n ń fún aboyún tó fẹ́ bímọ láìpé oṣù, kí ẹ̀dọ̀fóró ọmọ lè gbó. Ìdánwò àkọ́kọ́ lórí rẹ̀ jáde ní 1972 láti New Zealand, àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé e. Àwọn kan nínú wọn kéré débi pé bí o bá ka ọ̀kọ̀ọ̀kan, wàá ní kò dájú. Ó di 1989 kí ẹnikẹ́ni tó kó wọn jọ tí ó sì hàn pé abẹ́rẹ́ náà ń gba ọmọ là. Ní gbogbo ọdún tó wà láàárín, ọ̀pọ̀ dókítà kò fún irú aboyún bẹ́ẹ̀ ní abẹ́rẹ́ náà. Ìdáhùn ti wà nílẹ̀. Ẹni tó máa ṣà á jọ ni kò sí.

Ní 2004, olùwádìí mẹ́ta, Barbara Kitchenham, Tore Dybå àti Magne Jørgensen, ní kí àwa náà máa ṣe bẹ́ẹ̀ nínú iṣẹ́ sọ́fítíwíà. Kitchenham kọ ìlànà rẹ̀ ní Yunifásítì Keele lọ́dún náà, òun àti Stuart Charters sì tún un kọ ní 2007. Ẹ̀dà 2007 yẹn ni gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń tọ́ka sí, yálà wọ́n kà á tàbí wọn ò kà á.

Ẹ sọ òótọ́ fún mi: ṣé ó wúlò?

Ó wúlò. Àmọ́ èmi náà ní ìbéèrè tèmi: ta ló bèèrè?

Mo bi ọ́ bẹ́ẹ̀ torí pé èèyàn mẹ́ta ni SLR lè ṣe lóore, oore wọn kò sì dọ́gba. Ẹni àkọ́kọ́ ni ẹni tó ń ṣe é. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ka ọgbọ̀n ìwádìí tinútinú, tó sì wo bí wọ́n ṣe ṣe wọ́n, kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi èsì tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ tàn án jẹ mọ́. Tirẹ̀ ti dájú. Ẹnì kejì ni olùwádìí tó ń bọ̀ lẹ́yìn, tó máa rí ibi tí àyè ṣófo, tí kò ní tún ilẹ̀ tí wọ́n ti ro tán ro. Òun náà máa ń jèrè. Ẹnì kẹta ni ẹni tó wà nídìí iṣẹ́: ẹni tí oníbàárà ń pè ní aago mẹ́wàá òru pé sọ́fítíwíà ilé ìtajà òun kò ṣí, tó sì ń rò ó bóyá kí òun yí bí àwọn ṣe ń dán kóòdù wò padà. Orúkọ ẹnì kẹta yìí ni gbogbo wa máa ń dá nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú. Òun náà ló máa ń pa dà sílé lọ́wọ́ òfo.

Kitchenham àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ wo èyí fúnra wọn. Wọ́n ṣe àgbéyẹ̀wò àwọn àgbéyẹ̀wò, ó sì jáde ní 2009. Láti oṣù kìíní 2004 sí ìparí oṣù kẹfà 2007, 20 ni wọ́n rí. 8 nínú wọn kò dán ọgbọ́n iṣẹ́ kankan wò. Ohun tí àwọn olùwádìí ń ṣe lọ́wọ́ ni wọ́n kà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí: o bi mí pé ọ̀nà wo ló yá dé Ìkẹ́nnẹ́, mo wá ka iye mọ́tò tó gba Ṣágámù kọjá fún ọ. Kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n o ò tíì mọ̀nà.

Mo ní ọmọ mẹ́rin tó ń kọ kóòdù fún mi ní Ìjẹ̀bú-Òde. Kí ni SLR kan ti sọ rí tí mo lè fi ṣe nǹkan?

Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Irú ìbéèrè yín yìí ni mo fẹ́ràn jù.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ kí ẹni méjì jókòó sí ìdí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo kọ kóòdù pọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní pair programming. Àwọn kan ní iyebíye ni, àwọn kan ní owó oṣù ẹni méjì fún iṣẹ́ ẹnì kan ni. Ní 2009, Jo Hannay, Dybå, Erik Arisholm àti Dag Sjøberg kó àwọn ìdánwò tó wà lórí rẹ̀ jọ, wọ́n sì pa èsì wọn pọ̀ pẹ̀lú ìṣirò. Lápapọ̀, kóòdù dára sí i díẹ̀. Ọjọ́ tí iṣẹ́ ń gbà dín kù ní ìwọ̀nba. Àpapọ̀ wákàtí tí èèyàn fi ṣiṣẹ́ sì pọ̀ sí i ní ìwọ̀nba.

Tí wọ́n bá dúró síbẹ̀, ẹ ò rí nǹkan kan mú. Ibi tí wọ́n ti pín in ni oyin wà. Bí iṣẹ́ bá rọrùn, ẹni méjì máa ń tètè parí rẹ̀ ju ẹnì kan lọ, ṣùgbọ́n kóòdù wọn kì í dára tó ti ẹni tó dá a ṣe. Bí iṣẹ́ bá le, ohun tí ẹni méjì kọ máa ń dára jù, ṣùgbọ́n wákàtí tó máa jẹ pọ̀ gan-an. Nítorí náà, tí àwọn ọmọ yín bá ń kọ fọ́ọ̀mù tí èèyàn ń fi orúkọ àti nọ́ńbà fóònù sí, ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù dá tirẹ̀ ṣe. Tó bá kan ibi tí wọ́n ti ń ṣírò owó àjọ tàbí èlé ẹgbẹ́ alájẹsẹ́kù, níbi tí àṣìṣe kan lè dá ìjà ìlú sílẹ̀, ẹ fi ẹni méjì sídìí rẹ̀ kí ẹ sì gbà pé owó máa lọ sí i.

Wọ́n tún fi òótọ́ kún un: èsì àwọn ìdánwò náà kò bára mu délẹ̀, àmì sì wà pé àwọn tí èsì wọn kò dùn ún gbọ́ kò rí ìwé wọn tẹ̀ jáde. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí wé Ojúde Ọba. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ ní ọjọ́ kẹta Iléyá, tó ń wo bí àwọn régbérégbé ṣe ń kọjá nínú aṣọ òkè àti ìlẹ̀kẹ̀, tó wá ní gbogbo Ìjẹ̀bú ló lówó, kò ka àwọn tí kò rí owó aṣọ ẹgbẹ́ san tí wọ́n sì jókòó sílé.

Ṣé gbogbo wọn ló ń dáhùn báyìí?

Rárá o. Ní 2007, Jørgensen àti Martin Shepperd kó ìwé 304 láti inú jọ́nà 76 jọ, lórí bí èèyàn ṣe lè mọ iye tí kíkọ sọ́fítíwíà máa ná a. Iṣẹ́ ńlá! Ọ̀kan nínú ìmọ̀ràn tí wọ́n fi parí rẹ̀ ni pé kí àwọn olùwádìí túbọ̀ yẹ àwọn ọ̀nà tí àwọn ilé iṣẹ́ ń lò gan-an wò. Èmi àti ẹ̀yin mọ ọ̀nà náà: ẹni tó ti ṣe irú iṣẹ́ yẹn rí á mi orí, á sì dá iye lé e.

Èyí tó tún wà ni ti Dybå àti Torgeir Dingsøyr ní 2008 lórí agile, ìyẹn kí wọ́n máa kọ sọ́fítíwíà ní díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n máa fi han oníbàárà bí wọ́n ṣe ń lọ. Ìwé 1,996 ló bọ́ sínú àwọ̀n wọn. 36 péré ló jẹ́ ìwádìí tó rí nǹkan fojú ara rẹ̀. Àwọn kan á ní àṣedànù ni. Lójú tèmi, iye yẹn gan-an ni ìdáhùn: nígbà tí gbogbo ayé ń pariwo agile, ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹni tó bá fẹ́ tà á fún ọ ní owó gọbọi, o mọ ohun tí wàá bi í.

Kí ló ba tiyín àkọ́kọ́ jẹ́?

Ọ̀rọ̀ ìwákiri ni. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan ń wá ìwádìí lórí bí a ṣe lè mọ ibi tí àṣìṣe máa pọ̀ sí nínú kóòdù kí ó tó jáde. Ọ̀rọ̀ tí a kọ sínú àpótí ìwákiri ni *defect*. Oṣù méjì gbáko la fi kà á, nínú ariwo jẹnẹrétọ̀, pẹ̀lú dátà tí a ń fi owó ara wa rà. Ọjọ́ tí a fi han ẹni tó jù wá lọ, ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi wá: “Àwọn tó ń pè é ní *fault* ńkọ́? Àwọn tó ń pè é ní *bug* ńkọ́?” Inú yàrá dákẹ́. Ìdajì iṣẹ́ náà kò sí lọ́wọ́ wa.

Ó yẹ kí ọmọ Ìjẹ̀bú mọ̀ bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ kan náà tí a fi ewùrà sè, àwọn kan ń pè é ní ìkọ́kọrẹ́, àwọn kan ń pè é ní ìfọ́kọrẹ́. Bí o bá fi ẹyọ orúkọ kan wá a, abọ́ kan lo máa rí.

Ohun tí mò ń ṣe báyìí: kí n tó wá ohunkóhun, mo máa kó ìwé bíi mẹ́wàá tí mo ti mọ̀ pé wọ́n bá ìbéèrè náà mu jọ. Tí ọ̀rọ̀ ìwákiri mi kò bá gbé wọn jáde, ọ̀rọ̀ náà ló ní àbùkù, n ó sì tún un ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn ni n ó tọ ìwé dé ìwé: mo wo àwọn tí ìwé náà tọ́ka sí, mo sì wo àwọn tó tọ́ka sí òun náà. Claes Wohlin kọ ìlànà èyí ní 2014, snowballing ló ń jẹ́. Fún ẹni tí dátà ń wọ́n, òun ló rọ̀ mí lọ́rùn jù.

Ṣé mo lè dá a ṣe?

O lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ìwọ nìkan, o ò gbọ́dọ̀ ṣà á ní ìwọ nìkan. Nígbà tí o bá ti wo àkọlé igba, ojú á ti ṣú, wàá bẹ̀rẹ̀ sí í lé ẹni tí kò jẹ̀bi. Bẹ ẹnì kan tí ẹ jọ wà ní kíláàsì, fún un ní ìlànà rẹ, kí ó ṣà nínú ìwé kan náà láìwo tìrẹ. Ẹ wá fi wé ara wọn. Ìṣirò kan wà fún bí ẹ ṣe fẹnu kò tó, Cohen's kappa. Ìṣirò náà dára, ṣùgbọ́n àríyànjiyàn tó máa wáyé láàárín yín lórí àwọn tí ẹ kò fẹnu kò sí ló máa kọ́ ọ lọ́gbọ́n jù.

Bí kò bá sí ẹnikẹ́ni, dúró ọ̀sẹ̀ méjì, kí o tún díẹ̀ nínú rẹ̀ ṣà láìwo ohun tí o kọ tẹ́lẹ̀. Wàá ya ara rẹ lẹ́nu.

Oṣù kan tó?

Kò tó.

Wọ́n ní kí n san dọ́là ọgbọ̀n fún ìwé kan. Kí ni kí n ṣe?

Má san án. Nínú Google Scholar, tẹ ibi tí wọ́n kọ *All versions* sí lábẹ́ àkọlé náà. Ẹ̀dà ọ̀fẹ́ tí òǹkọ̀wé gbé sí ojú ewé ara rẹ̀ tàbí sí arXiv, ojú òpó tí àwọn olùwádìí ń kó ìwé wọn sí lọ́fẹ̀ẹ́, máa ń wà níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Lọ bá àwọn tó wà ní láíbìrì fásítì rẹ, bi wọ́n pé àwọn jọ́nà wo ni wọ́n ń san owó rẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá kùnà, kọ lẹ́tà sí òǹkọ̀wé. Sọ orúkọ rẹ, sọ ohun tí ò ń ṣe, ìlà mẹ́rin ti tó. Inú olùwádìí máa ń dùn pé ẹnì kan ní Rẹ́mọ fẹ́ ka iṣẹ́ òun.

Èyí tí o kò bá rí gbà, kọ ọ́ sínú iṣẹ́ rẹ pé o kò rí i gbà. Má ṣe bí ẹni pé kò sí.

Ẹ jẹ́ kí AI bá wa kà á ná?

Mo mọ̀ pé o ti ń lò ó. Ó dára láti fi ronú kan àwọn orúkọ mìíràn tí èèyàn ń pe nǹkan kan, ó lè bá ọ to tábìlì pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n má ní kó wá ìwé fún ọ kí o sì gbà á gbọ́ láìṣí ìwé náà wò. Ó lè hun àkọlé tó dùn létí pọ̀, kó fi orúkọ olùwádìí gidi sí i, kó fi ọdún sí i, kí irú ìwé bẹ́ẹ̀ má sì sí láyé. Akẹ́kọ̀ọ́ kan fi irú rẹ̀ mẹ́ta ránṣẹ́ sí mi nínú iṣẹ́ kan ṣoṣo. Mo wá wọn títí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ máa rò pé èmi ni mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń wá ìwé mọ́.

Súpáfáísọ̀ ní “mapping study” ni kí n ṣe. Ṣé ọ̀kan náà ni?

Ìbátan ni wọ́n. Kai Petersen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ìlànà rẹ̀ ní 2008. Mapping ń ya àwòrán ilẹ̀: kí ló wà, mélòó, níbo. SLR ń bèèrè bóyá nǹkan kan ń ṣiṣẹ́. Bí ìbéèrè rẹ bá ṣì fẹ̀, ya àwòrán ilẹ̀, kí o sì pè é ní orúkọ rẹ̀. Ohun tó ń bí mi nínú ni kí èèyàn ya àwòrán ilẹ̀, kó wá kọ sí iwájú ìwé pé òun ti dé ibẹ̀.

Báwo ni mo ṣe máa mọ SLR tí mo lè gbọ́kàn lé?

Ìbéèrè mẹ́rin ni wọ́n fi díwọ̀n àwọn 20 tí mo mẹ́nu bà lókè. Ṣé wọ́n sọ ohun tí wọ́n fi gba ìwé wọlé àti ohun tí wọ́n fi lé e jáde, ṣé ó sì bọ́gbọ́n mu? Ṣé ó jọ pé wọ́n wá a débi tí kò fi sí èyí tó bọ́? Ṣé wọ́n yẹ ìjójúlówó ìwádìí kọ̀ọ̀kan wò? Ṣé wọ́n ṣàpèjúwe ìwádìí kọ̀ọ̀kan tó láti fi yé ẹni tó ń kà á? Máàkì kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ààbọ̀ fún èyí tó bá ṣe é díẹ̀. Mẹ́ta péré nínú àwọn 20 náà ni kò tó máàkì 2 nínú 4.

Èmi fi ìkarùn-ún kún un, tèmi ni, kò sí nínú ìwé: ta ni wọ́n fi dán an wò? Ọ̀pọ̀ ìdánwò inú iṣẹ́ wa, akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n fi ṣe é, fún wákàtí díẹ̀, lórí kóòdù kékeré, nílẹ̀ tí iná kì í lọ. Kò sọ èsì wọn di irọ́. Ṣùgbọ́n kí o tó gbé e wá sí Ìpèrù, bi ara rẹ léèrè ohun tó máa yí padà bí mẹ́ta nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ bá ń kọ kóòdù láti ilé, tí báńtìrì kọ̀ǹpútà ọ̀kan nínú wọn kì í lò ju wákàtí kan lọ.

Mo ti parí tèmi. Báwo ni àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ ṣe máa jèrè rẹ̀?

Kọ ojú ìwé kan. Fi ìdáhùn ṣíwájú, kì í ṣe bí o ṣe wá a. Sọ ẹni tó lè lò ó àti ẹni tí kò bá lára mu, kí o wá sọ bí ọkàn rẹ ṣe balẹ̀ sí i tó. Kọ ọ́ lédè tí ọ̀gá tó bi mí léèrè lókè yìí máa gbọ́. Mú un lọ bá ẹni tó ń kọ sọ́fítíwíà jẹun, jókòó tì í bó ṣe ń kà á. Bí ó bá ní “kí ni kí n wá ṣe báyìí?”, tí o kò sì rí nǹkan kan sọ, padà lọ wo ìbéèrè tí o fi bẹ̀rẹ̀. Ì bá ti dára kí o lọ bá a kí o tó kọ ìwé ìlànà rárá.

Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ máa bá mi ka tèmi?

N ó kà á. Ìwé ìlànà ni kí o kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, kì í ṣe ọgọ́ta ojú ìwé tí o ti kọ tán. Kọ orúkọ ẹnì kan, ẹyọ kan, tó fẹ́ mọ ìdáhùn náà yàtọ̀ sí súpáfáísọ̀ rẹ, sí òkè rẹ̀. Má sì pè mí lọ́jọ́ kẹta Iléyá. Régbérégbé wa á ti jáde.